Òkìtì Ẹrẹ̀ Ẹnu Géètì Mi

Ìsàlẹ̀ òpópónà ni ilé mi wà ní Ìgándò. Gbogbo yẹpẹ pupa tí òjò bá fọ̀ lókè, ọ̀dọ̀ wa ló ń kó o wá. Tí ìgbà òjò bá ti wọlé, ẹni tó bá fẹ́ jáde á ká ṣòkòtò rẹ̀ dé orúnkún, á fi bàtà sínú ọ̀rá, á sì rìn dé títì kó tó wọ̀ ọ́. Ó ti mọ́ wa lára. Tí òjò bá dá, lánlọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan á mú ṣọ́bìrì, á kó ẹrẹ̀ iwájú ilé rẹ̀ sínú bárò, á lọ dà á sí kòtò tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí. Iṣẹ́ náà kì í yá, ṣùgbọ́n ó máa ń parí.

Láwọn ọdún tí gbogbo ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ra fóònù alágbèéká, ọkùnrin kan dé láti ìlú òyìnbó, ó kọ́lé sí ọ̀kánkán ilé mi. Ó ti pẹ́ lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín ti máa ń bo ilẹ̀ bí òwú. Ní ìpàdé lánlọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tó wá, ó dìde, ó sọ fún wa pé katakata lòun ń wà níbẹ̀, òun ló ń fi í gbá yìnyín kúrò lójú ọ̀nà àwọn ènìyàn. Kò sí ẹni tó bi í. Alága wa kí i kú oríire, ó ní kó jókòó ká lè sọ̀rọ̀ iná.

Àwa tó kù, kọnkéré la fi tẹ́ iwájú ilé wa, ẹni tí agbára rẹ̀ ò sì ká a fi í sílẹ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá a. Òkúta wẹ́wẹ́ funfun lòun ní kí wọ́n fi típà kó wá, ó tẹ́ ẹ láti ẹnu géètì rẹ̀ dé ẹnu ilẹ̀kùn. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lọ́hùn-ún. Kò pẹ́ sí i, katakata náà dé nínú kọ̀ntéénà, tòkunbọ̀ pupa kan tó ní abẹ irin gbọọrọ níwájú. Àwọn ọmọ àdúgbò sáré jáde wá wò ó. Èmi náà jáde, ṣùgbọ́n mi ò sáré.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá má kàn mí, bí kì í bá ṣe pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin rí ọmọ mi obìnrin, tí ọmọ mi náà sì rí i. Ìyá rẹ̀ ti ń gbààwẹ̀ nítorí ọkọ fún un láti ìgbà tó ti parí ìwé. Láti ọjọ́ yẹn, bàbá ọmọkùnrin náà kúrò ní aládùúgbò, ó di àna. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe sí àna níbi tí wọ́n ti tọ́ wa dàgbà. Bí àna bá kí ọ pé ẹ káàárọ̀ nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wàá dá a lóhùn pé ẹ káàárọ̀, wàá sì béèrè bóyá ó sùn dáadáa.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀, ẹrẹ̀ bo òkúta funfun. Ní òwúrọ̀, àna mi jáde pẹ̀lú fìlà onírun àti ìbọ̀wọ́ nípọn, nínú ooru Ìgándò, ó gun katakata. Ó ti ẹrẹ̀ náà kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ó tì í sọdá òpópónà, ó tì í dé ẹ̀gbẹ́ géètì mi, ó wá fi sílẹ̀ níbẹ̀.

"Àna mi, ẹ kú iṣẹ́," ni mo wí. "Ẹrẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu," ló dá mi lóhùn láti òkè. "Ẹ̀gbẹ́ la máa ń tì í sí. Tí oòrùn bá ti mú, á lọ fúnra rẹ̀."

Mo wo ẹrẹ̀, mo wo àna mi. Mo ní, "Òótọ́ ni, sà."

Nígbà tí mo wọlé, ìyàwó mi ń dúró dè mí. "Dádì, ibo lẹrẹ̀ ń lọ tí oòrùn bá mú?"

"Mi ò mọ̀. Ṣáà máa gbàdúrà rẹ lọ jàre."

Oòrùn mú. Ẹrẹ̀ ò lọ síbì kankan, ó gan bíi búlọ́ọ̀kù. Òjò mìíràn rọ̀, katakata tún gbé òmíràn wá lé e. Nígbà tó yá, apá kan géètì mi ò ṣí mọ́. Ọkọ̀ mi wà nínú àgbàlá bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀, èmi náà ń fẹ̀gbẹ́ jáde nílé tí mo fi owó ara mi kọ́. Tí àna mi bá sì béèrè bóyá mo ń gbádùn ojú ọ̀nà tó mọ́, màá ní mò ń gbádùn ẹ̀ gan-an.

Ibi tó ti wá le ni pé òkúta rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ojú ọ̀nà tó funfun tẹ́lẹ̀ di adíkálà, ó di pupa. Àna mi dìde ní ìpàdé, ó ní ẹnì kan ń jí òkúta òun. Lẹ́yìn ìpàdé, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Àna mi, mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè o. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní birikílà nílé. Ẹbí mi ti ń béèrè irú ilé tí mo ti fẹ́ gbé ìyàwó fún ọmọ."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Birikílà tó ń sọ yìí, ọmọ Ìbàdàn kan tó jẹ́ ayálégbé mi, kò fi owó ilé falẹ̀ rí. Mo pè é, mo bi í.

"Bàbá lánlọ́ọ̀dù, kí ni mo fẹ́ fi òkúta ṣe nínú yàrá kan ṣoṣo? Ẹ wá wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, àbí?"

Nítorí ọmọ mi, mo bẹ̀rẹ̀, mo wò ó. Bàtà ló wà níbẹ̀.

Ọmọ àna mi bẹ bàbá rẹ̀ títí tó fi gbà kí mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ wáyé. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti dúró fún ẹbí wa. Bó ṣe dé ẹnu géètì, ó dúró wo òkìtì náà.

"Ta lẹ sin síbí?"

Ìyàwó mi sọ ohun gbogbo fún un, títí kan ti birikílà. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí wọ́n fún òun lómi mu.

Ọjọ́ kan ṣoṣo wà tí ẹnu ará ilé ìyàwó máa ń gùn ju ti ará ilé ọkọ lọ, ọjọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ ni. Àna mi dé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, agbádá funfun ló wọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi dúró sínú géètì.

"Ta nìyẹn?"

"Àna yín ni, Màmá," ni obìnrin tó ń ṣojú fún wọn wí. "A rí òdòdó kan nínú ọgbà yín, a wá tọrọ rẹ̀."

"Òdòdó wà. Ọ̀nà ni ò sí."

"A lè gba ẹ̀gbẹ́, Màmá."

"Ẹ ò ní gba ẹ̀gbẹ́. Mo gbọ́ pé bàbá ọkọ la ọ̀nà fún odindi ìlú òyìnbó. Kó la tiwa ká rí i."

Àna mi rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kóun lọ gbé katakata.

"Katakata ló gbé e wá," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ọwọ́ ni á gbé e lọ. Ṣọ́bìrì rèé."

Èmi jókòó sínú àgbàlá, mo fajú ro bí bàbá ìyàwó ṣe gbọ́dọ̀ fajú ro.

Àna mi bọ́ agbádá, ó gbé e fún ọmọ rẹ̀, ó sì ki ṣọ́bìrì bọ òkìtì. Ó dún kàn. Ó tún kì í, ó tún dún. Èyí tó gbé sókè, òkúta wẹ́wẹ́ funfun ló kún inú rẹ̀. Bí ó ṣe ń gbẹ́ ẹ lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń yọ jáde bí eyín.

Birikílà ló ń to àga lẹ́yìn mi. Ó tẹjú mọ́ òkìtì náà, ó wá gbé ẹnu sí etí mi, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́.

"Bàbá, ṣé kí n tún lọ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì?"

Àna mi gbọ́. Ó fi ṣọ́bìrì ti ilẹ̀. "Lọ́hùn-ún, ilẹ̀ máa ń dì lásìkò yìnyín," ló wí pẹ̀lú ohùn kékeré. "Òkúta kì í tú."

"Ilẹ̀ ibí ò dì rí, àna wa," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ."

Ó gbẹ́ ẹ títí géètì fi ṣí. Ó lọ bá birikílà, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú," ọmọ náà sì dọ̀bálẹ̀ fún un, ló bá gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àna mi wá ní kí wọ́n fi bárò kó òkúta padà sílé òun, ẹ̀gbọ́n mi nawọ́ dí ọ̀nà.

"Ẹ tẹ́ ẹ síbẹ̀. A ti kà á mọ́ ẹrù tẹ́ ẹ gbé wá."

Orí òkúta yẹn ni ọkọ ìyàwó àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ sí. Nígbà tí wọ́n dìde, àmì òkúta wà níwájú orí kálukú wọn.

Àna mi wọlé, ó jókòó tì mí. Ọwọ́ rẹ̀ pupa, ó ń fi aṣọ ìnujú nù ún.

"Àna mi," ló wí, "gbogbo ìgbà yìí, ẹ ò sọ nǹkankan fún mi."

Mo ní, "Oòrùn ni mò ń dúró dè, sà."