Ikọ́ Àbúrò Bàbá Mi

Nígbà tí mò ń gbé lọ́dọ̀ àbúrò bàbá mi, kí ó tó wọlé, a ti máa ń gbọ́ ikọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ilé ìkẹ́rùsí kan ní àdúgbò Chikaji ló ti ń ru àpò oúnjẹ adìyẹ, eruku a sì bo ìpéǹpéjú rẹ̀. Bí ikọ́ bá le, yóò ṣí kápúsù apakòkòrò tó rà ní kẹ́míìsì, yóò da ẹ̀tù inú rẹ̀ sórí ahọ́n, yóò ní, "Wallahi, ó ti tán."

Kì í tán. Lọ́jọ́ tí èémí há mọ́ ọn láyà, ìyàwó rẹ̀ fà á lọ sí ọsibítù. Dókítà tó gbọ́ Yorùbá ṣàlàyé fún un: "Bàbá, awọ fẹ́lẹ́ kan wà nínú ọ̀nà èémí yín tó ń gbá eruku jáde. Eruku ti dá ọgbẹ́ sí i lára. Kòkòrò ni kápúsù ń pa, kì í wo ọgbẹ́ eruku. Kápúsù mìíràn tilẹ̀ lè pa awọ náà lára."

Àbúrò bàbá mi bi í pé, "Ṣé kí n jókòó sílé kí ebi pa wá ni?"

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn: "Ẹ wá bá mi ta kúnú."

Ó pa kápúsù tì, ó sì fi àpò sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n jọ ń ru ẹrù fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì bu kúnú fún wọn mu. Díẹ̀díẹ̀ ni ikọ́ náà rọlẹ̀.

Nígbà tí mo padà lọ kí wọn nílé wọn ní Dakace lẹ́yìn ààwẹ̀, àbúrò bàbá mi ròyìn ìgbà èwe rẹ̀ ní Ìlọrin fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ikọ́ kò sì dá a dúró lẹ́ẹ̀kan. Ìyàwó rẹ̀ gbé ife ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wò ó.

"Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ yín," ó ní, "n kò gbọ́ ìtàn yìí rí."