Ọjọ́ tí mo sọ ìjánu di òjò

Mò ń ṣa ẹ̀wà lórí àtẹ lánàá nígbà tí ọkùnrin kan tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka ìròyìn lórí rédíò ní kí àwọn aláṣẹ “rein in” àwọn ọmọ ìta. Ọwọ́ mi dúró. Ó ti lé lógójì ọdún tí ọ̀rọ̀ yẹn ti ń lé mi kiri.

Ní Ṣakí ni, lọ́dún tí mò ń parí ìwé mẹ́fà. Bàbá mi, àgbẹ̀ oníṣu tó tún ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú, mọ Lárúbáwá kà dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì rárá. Ó sì ti là á mọ́lẹ̀: bí èsì mi kò bá dára, ìwé parí nìyẹn, ọ̀dọ̀ àbúrò rẹ̀ obìnrin ní Ìlúà ni n ó ti lọ máa tajà.

Nígbà tí mo mú káàdì èsì délé, èmi náà ni olùtumọ̀. Máàkì mi kò burú. Ṣùgbọ́n nísàlẹ̀, Tíṣà kọ ọ́ pé kí n “rein in” ahọ́n mi, nítorí kò sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ ní kíláàsì tí n kì í fèsì sí. N kò rí “rein” rí. “Rain” ni mo mọ̀. Mo gbà pé Tíṣà ló ṣì í kọ.

“Kí ló ní?”

“Ó ní òjò wà lórí ahọ́n mi, Bàbá.”

Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ní ilẹ̀ ọ̀dàn tiwa, ta ni yóò gbọ́ òjò tí inú rẹ̀ kò ní dùn?

“Alihamudulilai! Ahọ́n ìbùkún!” Ó gbé akùkọ kan há abíyá, ó ní ká lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Tíṣà.

Ara mi kò balẹ̀ lọ́nà. Ojú tí Tíṣà fi wò mí nígbà tó ń fún mi ní káàdì kò jọ ojú ìbùkún. Mò ń tún bàtà tí kò tú dè, mò ń dúró wo ewúrẹ́, mò ń bẹ Ọlọ́run kí Tíṣà má sí nílé.

Ó wà nílé. Bàbá ṣàlàyé òjò. Tíṣà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

“Bàbá Sàláwù, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òjò o! Ìjánu ni, èyí tí wọ́n ń kó sí ẹṣin lẹ́nu. Mo ní kó kó ahọ́n rẹ̀ níjàánu!”

Bàbá yíjú sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ gòkè. Mo dijú, mo ti ń rí Ìlúà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ náà kò bà mí. Nígbà tí mo lajú, ó ṣì wà lókè, Bàbá sì ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ọlọ́run lábẹ́ ẹnu pé, “Asitagafurulahi.” Díẹ̀díẹ̀ ló rọra gbé e lé akùkọ lórí.

“Tíṣà, ẹṣin tí kò lè sáré, ta ni í wá ìjánu fún un? Ẹ máa kọ́ ọ lọ.”

“Akùkọ wá ńkọ́?”

“Ẹ gbà á. Olùtumọ̀ gidi ló ni ín.”

Ẹ̀yin ọmọ, alùpùpù ló kún ìgboro Ṣakí báyìí. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń pe ìjánu kò rí ẹṣin rí. Ahọ́n tèmi náà ṣì máa ń já mọ́ mi lọ́wọ́, Ọlọ́run ló ń bò mí láṣìírí. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé mo kàwé. Tíṣà ló sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà fún mi. Ọwọ́ bàbá mi tí kò bà mí ló jẹ́ kí n rí i.