Ọ̀rọ̀ Tí Ọmọ Wa Mú Bọ̀ Láti Takie

Mo rántí ìgbà tí a máa ń gbé ọmọbìnrin wa láti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ tó ń kọ́ àwọn ọmọ tó ní ọ́tísìmù ní ọ̀rọ̀ sísọ. Ó ti lé lọ́mọ ọdún mẹ́rin, síbẹ̀ kì í béèrè ohunkóhun. Bí mo bá ní, “Ṣé o máa jẹun?” òun náà á ní, “Ṣé o máa jẹun?” Èmi sì rèé, olùkọ́ èdè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì! Àwọn aládùúgbò ní èmi ni mo ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ilé tán. Ìyá rẹ̀ bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, “Dádì, lọ́jọ́ tí n kò bá sí ńkọ́, ta ni yóò mọ ohun tó ń fẹ́?”

Nínú kẹ̀kẹ́ tó ń gbé wa lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ náà láti Takie, níbi tí a ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Ọ̀yọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ohun tó dùn mọ́ ọmọ náà jù ni kí èrò tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ké pé, “Ó wà o!” kí kẹ̀kẹ́ sì dúró. Kò pẹ́ tí òun náà fi ń ké e káàkiri ọ̀nà.

“Ta ló fẹ́ bọ́?” ni awakọ̀ á béèrè.

“Ẹ má bínú, ọmọ ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́, epo ti wọ́n!”

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá rẹ̀ ń ya irun rẹ̀, iṣẹ́ tí kì í parí láìsí ẹkún àti ìgeníjẹ. Lójijì ọmọ náà ké pé, “Ó wà o!” Mo yára tún un ṣe: “Rárá, sọ pé, ‘Ó tó.’”

Ìyàwó mi ju ìyarun sílẹ̀. “Ẹ dákẹ́, Dádì! Èrò ti fẹ́ bọ́, ẹ ní kí n ṣì máa wa ọkọ̀ lọ?”

Ọmọ náà wo ìyarun tó wà nílẹ̀, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ké e, gbogbo wa á dúró. Olùkọ́ rẹ̀ ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni: ọmọ tó bá rí i pé ọ̀rọ̀ òun ń ṣiṣẹ́ yóò wá òmíràn kún un. Díẹ̀díẹ̀ sì ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. “Omi” dé, “gbé mi” tẹ̀ lé e.

Ìyá rẹ̀ ti fi ayé sílẹ̀ báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo se ẹ̀wà, mo sì rò pé mo gbìyànjú. Ọmọ náà tọ́ ọ wò, ó ti àwo náà sẹ́yìn. “Dádì, mi ò fẹ́ èyí. Ti Mọ́mì ni mo fẹ́.”

Mo ní, “Báwo ni Mọ́mì ṣe ń sè é?”

“Edé. Epo púpọ̀. Ata díẹ̀.”

Mo dìde, mo lọ wá edé.