Awọ Pọ́ǹpù Kò Gbọdọ̀ Gbẹ

Ọkọ mi kì í jókòó. Ẹ má rò pé mò ń sọ àsọdùn. Ọdún kọkànlélọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gbé oúnjẹ síwájú ẹ̀, ìdúró ló sì ń jẹ ẹ́. Á fi ọwọ́ kan gbé abọ́, á máa fi èkejì mi ilẹ̀kùn wò bóyá ìṣó ẹ̀ ti ń yọ. Ṣúmékà ni, iṣẹ́ tó yẹ kéèyàn fìdí mọ́lẹ̀ ṣe, àmọ́ tó bá ti rán ẹ̀gbẹ́ bàtà kan tán, á dìde, á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á wo òkè, á wo ilẹ̀, kó tó padà wá rán ìyókù. Araòbalẹ̀ ni gbogbo abúlé ń pè é. Èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ yẹn, lọ́jọ́ tó tú aago ògiri bàbá mi palẹ̀ torí ó fẹ́ mọ ohun tó ń dún nínú ẹ̀. Aago náà ò dún mọ́ títí dòní.

Mo ti bá a jà lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ẹnu fi ń ro mí. Tí mo bá ní, "Bàbá ọmọ mi, jókòó," á ní, "Mò ń bọ̀ wá jókòó." Ó ti ń bọ̀ látìgbà tá a ti fẹ́ra.

Àmọ́ kí n má purọ́, mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le sí i. Àbúrò ẹ̀ obìnrin rọbí lọ́dún kan, kò sì sí agbẹ̀bí lábúlé wa. Ìrìn wákàtí mẹ́ta ni ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wa jù. Orí ọmọlanke ni wọ́n gbé e sí, ọkọ mi ló sì ń tì í. Wọn ò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tó fi kú, tòun toyún. Ohun kan ṣoṣo tí mo gbọ́ lẹ́nu ọkọ mi lórí ẹ̀ ni, "Ká ní mo yára sí i ni." Láti ọjọ́ náà, ńṣe ló dà bíi pé ó ṣì ń ti ọmọlanke yẹn lọ.

Ọmọ wa kan ṣoṣo ló wá padà wálé pẹ̀lú oyún oṣù méje, torí iṣẹ́ ti gbé ọkọ ẹ̀ lọ sọ́nà jíjìn. Bí bàbá ẹ̀ bá ti rí ikùn yẹn báyìí, á dìde. Tó bá sì jẹ́ pé orí ìdúró ló wà tẹ́lẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Lásìkò yẹn, a ti kọ́ ilé ìwòsàn oníyàrá méjì fúnra wa. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Àwọn ọkùnrin ń gé búlọ́ọ̀kù ní gbogbo Sátidé, àwa obìnrin ń ru yanrìn láti odò, káfíńtà tó jẹ́ alága wa ló kan òrùlé ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ló gbà wá. Àwọn ará ọ́fíìsì ìlera ní àwọn máa fún wa ní agbẹ̀bí, tí omi bá ṣáà ti wà lẹ́nu ọ̀nà ilé náà. Pọ́ǹpù ọlọ́wọ́ àtijọ́ kan wà nínú ọgbà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti ń wúkọ́ láìpọ omi kankan.

Ta ló máa tú u bí kò ṣe ọkọ mi? Awọ roboto kan ló wà nínú irú pọ́ǹpù bẹ́ẹ̀. Òun ló máa ń lẹ̀ mọ́ ara irin, tó sì ń fa omi wá sókè. Ti inú eléyìí ti jẹrà. Ọkọ mi wo awọ tó máa ń tẹ́ sórí itan tó bá ń ṣiṣẹ́, ó mú ọ̀bẹ, ó sì gé e láàárín gbùngbùn. Nígbà tí omi tú jáde, ariwo tá a pa lé gbogbo ẹyẹ lórí igi. Ọjọ́ kẹta ni lẹ́tà ọ́fíìsì ìlera dé pé olùbẹ̀wò ń bọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Tí kò bá bá omi níbẹ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún wo ọ̀rọ̀ wa. Ikùn ọmọ mi ò sì ní dúró de ọdún tó ń bọ̀.

Ìgbà yẹn ni Araòbalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Láàárọ̀, á tú pọ́ǹpù. Lọ́sàn-án, á tún un tú. Ó ń fún nǹkan pọ̀, ó ń dẹ̀ ẹ́, ó ń fà á, ó ń fetí sí i. Ẹ̀rù bà mí. Mo rántí aago bàbá mi. Ni mo bá dìde nípàdé, mo ní, "Ẹ bá mi sọ fún un o! Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù yìí sinmi, kí omi lè kóra jọ sábẹ́ dé Ọjọ́bọ̀." Gbogbo wọn ní òótọ́ ni mo sọ. Káfíńtà mú okùn wá, èmi fúnra mi ni mo so ọwọ́ pọ́ǹpù mọ́ òpó. Gbogbo wa ń lọ pọnmi lódò.

Ọkọ mi wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé. "Ìyá ọmọ mi, jẹ́ kí n máa fà á lẹ́ẹ̀kan péré lójúmọ́."

"O ò ní fà á. Lẹ́ẹ̀kan láyé ẹ, fi nǹkan sílẹ̀!"

Ó gbọ́ràn sí mi lẹ́nu. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń yí ilé po, títí ó fi sú àwọn adìyẹ láti máa yà fún un.

Ọjọ́bọ̀ dé. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni olùbẹ̀wò náà, ó fi okùn gbé kálámù kọ́rùn. Ó wo yàrá, ó wo òrùlé, ó ń mi orí pé ó dáa. Ọkọ mi tú okùn, ó sì fa pọ́ǹpù. Afẹ́fẹ́ ló jáde. Ó fà á nígbà mẹ́wàá, nígbà ogún, irin ń dún fìì-fìì. Ó kúnlẹ̀, ó ṣí orí ẹ̀, ó ki ìka bọ̀ ọ́. Awọ ti gbẹ, ó ti le, ó ti súnkì kúrò lára irin.

Ó gbójú sókè wò mí. Ì bá sàn kó bú mi. Ṣebí àràárọ̀ ló máa ń rẹ awọ sínú bàsíà kó tó fi ṣiṣẹ́, ṣebí èmi ni mo sì ń da omi bàsíà yẹn nù lálaalẹ́ láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ta ló tún yẹ kó mọ̀ bí kì í bá ṣe èmi?

Olùbẹ̀wò ti ń kọ̀wé. Mo ké sí i, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì kọ ọ́! Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo ní kó má fọwọ́ kàn án."

"Ẹ fún mi lómi," ọkọ mi ní. "Kí awọ yìí mumi, kó wú. Ìdajì wákàtí péré."

"Ẹ má bínú," ni olùbẹ̀wò wí. "Mo ṣì ní abúlé méjì tí mo máa dé." Ó yíjú sí ògiri, ó ń parí ìwé ẹ̀ kó tó wọkọ̀.

Kálukú sáré wọlé. Àmọ́ torí pé gbogbo wa ti múra láti kí àlejò, kò sẹ́ni tó lọ sódò láàárọ̀ yẹn. Wọ́n gbé kẹ́túlù tí omi ẹ̀ ò dé ìdajì wá, ife kan, omi tí ewúrẹ́ mu kù. Ọ̀fun pọ́ǹpù gbé gbogbo ẹ̀ mì, kò tó. Ni mo bá rí kẹ́ẹ̀gì omi kan lẹ́yìn ọkọ̀ olùbẹ̀wò. Mo wólẹ̀ síwájú awakọ̀ ẹ̀, bàbá kan tí irun ẹ̀ ti funfun. Ó wo ọmọ mi tó fọwọ́ ti ìdí, ó wo ikùn ẹ̀, ó sì gbé kẹ́ẹ̀gì náà sọ̀ kalẹ̀ fún mi.

Ìgbà tá a da ẹ̀kán omi tó kẹ́yìn sínú pọ́ǹpù ni olùbẹ̀wò yíjú. "Awakọ̀! Ṣé omi tá à ń bù sínú ẹ́ńjìnnì nìyẹn?"

"Òun ni, mà," ni awakọ̀ wí. "Ẹ́ńjìnnì ti gbóná, kò sì ní rìn láìsí omi. Ẹ jẹ́ ká jọ dúró de pọ́ǹpù."

Olùbẹ̀wò wò ó títí, ó ṣe bí ẹni fẹ́ bínú, ló bá lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìwòsàn pẹ̀lú ìwé ẹ̀ lórí orúnkún. Ìdajì wákàtí yẹn gùn ju oyún lọ. Ọkọ mi ń rìn láti pọ́ǹpù dé ògiri, láti ògiri dé pọ́ǹpù, èmi náà sì ń bá a rìn, fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi.

Ó fà á. Afẹ́fẹ́. Ó tún un fà, irin náà wúkọ́, ẹrẹ̀ díẹ̀ jáde, lẹ́yìn ìyẹn ni omi dà ṣìììì sí gbogbo ẹsẹ̀ wa. Kẹ́ẹ̀gì awakọ̀ la kọ́kọ́ rọ kún. Olùbẹ̀wò fa igi lé ohun tó kọ́kọ́ kọ, ó sì kọ òmíràn.

Agbẹ̀bí dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọjọ́ kẹsàn-án tó dé ni ọmọ mi rọbí, àárọ̀ kùtùkùtù. Èmi wà nínú yàrá, bàbá ẹ̀ wà nídìí pọ́ǹpù. Ó rọ bàsíà tiwa kún, ó rọ korobá agbẹ̀bí kún, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ti gbogbo abúlé. Bí ọmọ mi bá ti ń ké nínú ilé, bẹ́ẹ̀ ni mò ń gbọ́ irin náà níta, kò dákẹ́.

Ó kù díẹ̀ kí ọ̀sán pọ́n tí mo jáde sí i. Mo ní, "Bàbá ọmọ mi, obìnrin ni. Tìyá tọmọ ló wà láàyè."

Ọwọ́ ẹ̀ bọ́ lára irin. Ó jókòó. Orí sìmẹ́ńtì tútù yẹn ló jókòó sí, nínú omi, ó fọwọ́ bo ojú, ó ń sunkún àbúrò ẹ̀. Mi ò ní kó dìde. Mo káṣọ mi sókè, mo di ọwọ́ pọ́ǹpù mú, mo sì ń fa omi lọ.