Gbólóhùn Tí Wọ́n Yọ Kúrò ní Ọjọ́ Ẹtì

Ẹ má sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Mo ti gbọ́ ọ títí, mo gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí a jọ ń wọ aṣọ funfun nínú ìjọ pàápàá, ó sì ti sú mi. Bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n yọ kúrò nínú ohun tí mo kọ. Mo fẹ́ sọ ohun tí gbólóhùn náà jẹ́, ẹni tó yọ ọ́, ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, àti ẹni tí ó pa lára jù lọ.

Orin ni mo kọ́ ní yunifásítì. Gìtá ńlá tí ohùn rẹ̀ ń ti ìsàlẹ̀ wá, èyí tí a ń pè ní béèsì, ni mo ń ta. Lójú ọ̀sán, mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé. Nírọ̀lẹ́, ibi tí wọ́n bá pè mí sí ni mo ń lọ. Ìdí nìyẹn tí ìkànnì ayélujára kan tó ń ròyìn àdúgbò wa ní Barking àti Dagenham, ní Lọ́ńdọ̀nù, fi ní kí n kọ ìtọ́sọ́nà kan: bí èèyàn bá fẹ́ gbọ́ orin ojúkojú ní ìlú yìí láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Àìkú, ibo ni kó gbà? Ọmọbìnrin tó ń bójú tó ojú ewé náà, ibí ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n Ìjẹ̀bú làwọn òbí rẹ̀. "Àǹtí" ló ń pè mí nínú gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ ibi tí gbogbo ayé ti mọ̀ o," ló wí lórí fóònù. "Àwọn ibi tí èèyàn ò lè dá rí fúnra ẹ̀ la fẹ́."

Mo kọ ọ́ dáadáa. Fún Ọjọ́ Ajé, mo ní kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin ní Chadwell Heath, kí wọ́n sọ̀ ní Stratford, kí wọ́n wá ilé ọtí kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni tó bá gbé ohun èlò orin rẹ̀ dání ti lè bọ́ sójú agbo. Mo kìlọ̀ pé kí wọ́n má jókòó sápá òsì, nítorí sípíkà ibẹ̀ ń kùn bí agbọ́n. Fún Ọjọ́bọ̀, mo kọ nípa àwọn obìnrin tó ń ta fáólìn nínú ilé ìkàwé kan, mo sì sọ òótọ́ pé òtútù ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, tìtorí Ọjọ́ Ẹtì ni mo fi gbà láti kọ ohunkóhun.

Bàbá kan wà nínú ìjọ wa. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ilé ìkẹ́rùsí kan ní River Road la sọ di ilé Ọlọ́run. Bàbá yìí ń fọn fèrè idẹ, tọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Nígbà èwe rẹ̀ ní Èkó, ó bá ẹgbẹ́ olórin ijó fọn ún. Nígbà tó dé ibí, ẹrù ló ń kó sínú lọ́rì, ní River Road yìí kan náà, títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà tó ti dé, inú ìjọ nìkan ló ti ń fọn ún. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, a máa ń ṣe orin lásán níbẹ̀, láìsí ìwàásù, láìsí ìsìn: òun, èmi, ẹni tó ń tẹ dùùrù àti ẹni tó ń lu dírọ́ọ̀mù. Àwọn ará ìjọ ló ń gbọ́ wa. Wọ́n á ti máa pàtẹ́wọ́ kí Bàbá tó yọ fèrè nínú àpò.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Mayesbrook ti fẹjọ́ ariwo rẹ̀ sùn, nítorí náà inú pápá ló ti ń dánra wò. Ó máa ń kọjú sí omi adágún tó wà níbẹ̀, ó máa ń kẹ̀yìn sí gbogbo ilé. Mo bá a lọ lọ́jọ́ kan. Nígbà tó sinmi, ó ní:

"Ìwọ ọmọ yìí, bí mo bá sín nínú ìjọ, wọ́n á pàtẹ́wọ́."

"Ẹ̀yin náà, Bàbá! Wọ́n fẹ́ràn yín ni."

"Ìfẹ́ náà ni mo ń wí. Ìfẹ́ ò létí. Mo fẹ́ kí ẹni tí ò mọ̀ mí rí, tí ò jẹ ìrẹsì ìyàwó mi rí, gbọ́ mi lẹ́ẹ̀kan péré, kó sọ bóyá ó dùn tàbí kò dùn. Lẹ́yìn ìyẹn, kí wọ́n wá máa yọ eyín wọn."

Ọ̀rọ̀ eyín yẹn ló ká a lára. Èrìgì rẹ̀ ti bàjẹ́, dókítà sì ti sọ pé eyín iwájú lókè gbọ́dọ̀ kúrò. Eyín iwájú ló ń gbé ètè ró fún ẹni tó ń fọn fèrè idẹ. Bí kò bá sí i, atẹ́gùn lásán ni yóò máa jáde. Mo dá àbá eyín àtọwọ́dá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìgbà wo ni òun fẹ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ètè bí ọmọdé. Ó bẹ dókítà, dókítà sì sún un sí Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọ̀sẹ̀ tí ìtọ́sọ́nà mi yóò jáde. Ọjọ́ Ẹtì kan ṣoṣo ló kù fún un.

Mo kọ nípa rẹ̀, mo sì fi gbólóhùn kan síwájú gbogbo rẹ̀: ẹ má wọ aṣọ dúdú tàbí pupa, ẹ ó sì bọ́ bàtà yín lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ ìjọ aláṣọ funfun mọ̀ pé dúdú àti pupa kì í wọlé wa. Ẹni tó bá sì mọ Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ pé dúdú ni àwọn tó ń lọ gbọ́ orin ń wọ̀, láti fìlà dé ìbọ̀sẹ̀. Àárín àwọn méjèèjì ni mo ń gbé, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síwájú.

Nígbà tí ìtọ́sọ́nà náà jáde, mo wá gbólóhùn mi, n kò rí i. Ohun tí wọ́n fi sípò rẹ̀ ni: "Ẹ wá bí ẹ ṣe wà." Mo pe ọmọbìnrin náà.

"Àǹtí, ẹ má bínú. Ó ń dún bíi ti báńsà tó ń lé èèyàn padà lẹ́nu ọ̀nà kílọ́ọ̀bù ni. A fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀ pé àwọn káàbọ̀."

"Gbogbo èèyàn ló káàbọ̀. Aṣọ dúdú ni kò káàbọ̀."

"Ah, Àǹtí! Kò kúkú lè le tó bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí. Màá dá a padà, mo ṣèlérí. Ọ̀gá mi ló máa fọwọ́ sí i, ó sì wà lẹ́nu ìsinmi di Mọ́ńdè."

Di Mọ́ńdè. Mo sáré lọ bá alàgbà tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìjọ. Mo ní bí àlejò bá wọ dúdú wá lọ́jọ́ Ẹtì, kó jẹ́ kí wọ́n wọlé, orin la fẹ́ ṣe, kì í ṣe ìsìn.

"Arábìnrin, ṣé ilé náà mọ ìyẹn yàtọ̀ sí ìyẹn?" ló bi mí. Ó wá ronú díẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Sùtánà funfun pọ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Màá wọ̀ ọ́ fún wọn."

Ọkàn mi balẹ̀ lóòótọ́.

Òjò ń rọ̀ ní Ọjọ́ Ẹtì náà. Bàbá ti pàṣẹ pé kí ará ìjọ kankan má jókòó sórí àga iwájú. Ti àlejò ni. Ó lọ sùtánà rẹ̀ títí ó fi le gbagidi. A bẹ̀rẹ̀, àga iwájú ṣófo. Bó ṣe ń fọn orin àkọ́kọ́ ló ń wo ẹnu ọ̀nà, ó sì ń kánjú, èmi ni mo ń fi béèsì fà á sẹ́yìn. Nígbà tí a dé orin kẹta, kò wo ibì kankan mọ́, ó dijú. Ó fọn ohùn kan tó gùn, ó fi í sílẹ̀ kó máa lọ títí ó fi tán fúnra rẹ̀. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Àwọn ará ìjọ pàtẹ́wọ́ láti ẹ̀yìn. Ó tẹríba fún àga òfìfo.

Mo gbé gìtá sílẹ̀, mo jáde lọ sẹ́nu ọ̀nà. Alàgbà dúró síbẹ̀, òkìtì sùtánà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n wá o, Arábìnrin."

"Àwọn wo?"

"Àwọn àlejò yín. Òyìnbó, ọmọ tiwa, gbogbo wọn nínú aṣọ dúdú bí ẹni ń lọ sìnkú. Mo na sùtánà sí wọn, mo ní ẹ wọ̀ ọ́, Ọlọ́run á bù kún yín. Ni wọ́n bá ń fi ẹ̀yìn rìn! Ọ̀kan ní àwọn ò wá darapọ̀ mọ́ ìjọ, fèrè làwọn wá gbọ́. Ọmọ wa kan tiẹ̀ ní, 'Nah, Uncle, I'm good.'"

"Wọ́n wá lọ?"

"Wọn ò lọ. Ẹ̀gbẹ́ ògiri níbẹ̀ yẹn ni wọ́n dúró sí títí ẹ fi parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an. Lọ́rì tó ń kọjá ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́."

Mo wo ẹ̀gbẹ́ ògiri náà. Kò sí ẹnì kankan níbẹ̀ mọ́.

Bàbá ń nu fèrè rẹ̀ nígbà tí mo padà wọlé. Mo sọ fún un pé wọ́n wá, pé ìta ni wọ́n ti gbọ́ ọ.

"Nínú òjò? Ní River Road?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ṣeun, ọmọ mi. Ọlọ́run á tu ìwọ náà nínú."

Alàgbà wá jẹ́rìí. Bàbá ní, "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ rò ó," ó sì pa àpò fèrè dé.

Ní Ọjọ́ Ajé, wọ́n yọ eyín rẹ̀. Ní Ọjọ́ Ajé kan náà, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù mi, tòun ti àwòrán ọwọ́ tó ń gbàdúrà: "Àǹtí, a ti dá gbólóhùn yẹn padà o! Ẹ má bínú." Mo kọ èsì, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́. Títí di òní, n kò tíì fèsì.

Ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, wọ́n wá. Funfun ni wọ́n wọ̀, àti àwọ̀ ẹyin, ọ̀kan tiẹ̀ wọ aṣọ tẹníìsì. Wọ́n gbé bàtà wọn lọ́wọ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun, wọ́n sì kún àga iwájú. Àárín wọn ni Bàbá jókòó sí, nítorí kò níṣẹ́ lọ́dọ̀ wa mọ́, ó fi áńkáṣíìfù bo ẹnu rẹ̀ tó wú. Mo ń tún okùn gìtá mi ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn nígbà tí obìnrin òyìnbó kan yíjú sí i.

"Ẹ ò wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbí?" ló bi í ní èdè wọn. "Ọkùnrin kan fọn fèrè níbí. Òjò pa wá níta. Ká sòótọ́, orin àkọ́kọ́ kò dùn mọ́ mi, ó ń kánjú jù."

Bàbá fi orí gbà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń kánjú.

"Ṣùgbọ́n ó fọn ohùn kan tó gùn. Ọkọ mi ní ká máa lọ, mo ní kó máa lọ. N kò lè pàtẹ́wọ́ fún ìyẹn, ọwọ́ mi kọ̀. Ṣé ẹ mọ̀ bóyá yóò wá lónìí?"

Mo ya ẹnu láti sọ fún un. Bàbá di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó mirí sí mi pé kí n má sọ, ojú rẹ̀ sì ti kún fún omi. Ó tọ́ka sí gìtá mi.

A bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí fèrè ti máa ń wọlé, a fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un, a ò jẹ́ kí dùùrù dí i. Obìnrin náà ń wo ẹnu ọ̀nà.