Ọjọ́ Tí Mo Kọ̀ Láti Yan Ìtàn

Òórùn èso kajú ni ó máa ń mú ìrántí ọjọ́ náà padà wá. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí kajú bá ti pọ́n ní gbogbo oko tó yí Bantè, ìlú wa, ká, èso tí wọ́n ti yọ kóró rẹ̀ máa ń rọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi, òórùn rẹ̀ á dùn, á sì kan díẹ̀, bí ọtí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kan. Igi kajú kan wà lẹ́yìn fèrèsé pálọ̀ wa. Títí di òní, bí òórùn yẹn bá gba fèrèsé wọlé lọ́sàn-án, ọwọ́ mi méjèèjì á ká jọ fúnra wọn, bí ọwọ́ ẹni tó di nǹkan kékeré kan mú, ojú mi á sì lọ sí àga tó wà lọ́wọ́ òsì mi. Àga ìyàwó mi ni.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tó ń ṣiṣẹ́ ní Kútọnu, wá kí wa, ó sì fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ àtijọ́ sílẹ̀ fún wa pẹ̀lú manẹ́tì, nǹkan dúdú kékeré tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjì dì mú láti fi ṣeré lórí rẹ̀. Ó ní eré kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe eré ìbọn lásán, pé ìtàn ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, àwa fúnra wa ni a ó sì máa rin ìtàn náà lọ. Ìtàn ọmọbìnrin kan láti ìlú orí òkè ni, tí bàbá rẹ̀ kú, tó wá fẹ́ gbé fìlà bàbá náà lọ sí etí òkun níbi tí wọ́n ti bí bàbá náà. Ọmọbìnrin yìí kò rí òkun rí.

Nínú gbogbo àlàyé yìí, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ìyàwó mi mú.

"Ṣé ó máa dé òkun?"

"Ó máa dé e, Màmá."

"Àwa náà á rí i?"

"Bí Bàbá bá mọ̀ ọ́n ṣe," ni ọmọ wa fèsì, ó sì wò mí tẹ̀rín-tẹ̀rín.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí òkun jẹ́ láàárín àwa méjèèjì. Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, lẹ́bàá Kútọnu, a kò tíì fẹ́ra. Savalou ni ìyàwó mi wà, ó ń kọ́ iṣẹ́ aránṣọ. Èdè Faransé ni mo fi ń kọ lẹ́tà sí i, nítorí èdè yẹn ni wọ́n fi kọ́ mi ní ìwé. Òun kò sì mọ ìwé kà, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni ó máa ń kà á sókè fún un, tí á sì túmọ̀ rẹ̀ sí Máhì, èdè ilé wọn. Ìwọ rò ó wò. Ta ni yóò kọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ sínú lẹ́tà tí ẹ̀gbọ́n ọmọbìnrin máa fi ohùn ara rẹ̀ kà? Nítorí náà, òkun ni mo máa ń kọ. Mo kọ ọ́ pé òkun ń ké ramúramù tọ̀sán-tòru, pé kì í sinmi, pé bí ó bá padà sẹ́yìn, ó tún gbọdọ̀ wá. Gbogbo ohun tí n kò lè sọ nípa ara mi, mo sọ ọ́ nípa òkun. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ni mo ń kọ́. Ọmọbìnrin tí mo ń kọ ọ́ sí nìkan ni ó yé.

Mo ṣèlérí fún un pé màá mú un lọ wò ó. Ṣùgbọ́n wọ́n rán mi lọ kọ́ni ní Atokoligbé, wọ́n tún rán mi lọ sí Bobè, kí wọ́n tó dá mi padà sí Bantè. Òun náà ṣí ṣọ́ọ̀bù, aṣọ ọdún kan kò tíì tán tí ti òmíràn fi ń dé. Nígbà tí àyè wá gbà wá, ìbàdí rẹ̀ ti bàjẹ́, kò lè jókòó sínú mọ́tò kọjá Savalou. Savalou náà ni a sì ń lọ lóṣooṣù nítorí ojú rẹ̀. Dókítà ibẹ̀ kò tàn wá jẹ. Ó ní oògùn tí à ń kán sí i máa dá àìsàn náà dúró díẹ̀, kò ní lé e lọ. Láti ẹ̀gbẹ́ ni òkùnkùn ti ń bọ̀ wá sí àárín, bí ìgbà tí ènìyàn ń rọra ti ilẹ̀kùn. Nítorí náà, nígbà tí ìyàwó mi ní kí a bẹ̀rẹ̀ eré náà lọ́jọ́ yẹn gan-an, mo mọ ìdí tó fi ń kánjú.

Kí eré náà tó gbà wá wọlé, ó kọ́kọ́ bi wá ní ìbéèrè lórí ìbéèrè, bí akọ̀wé mérì, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, tó ń kọ orúkọ ọmọ tuntun sílẹ̀. Báwo ni ìmọ́lẹ̀ ṣe máa mọ́lẹ̀ tó? Ṣé kí ohun tí wọ́n ń sọ máa hàn ní kíkọ nísàlẹ̀? Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ, nítorí náà mo ní kí wọ́n máa kọ Faransé síbẹ̀, kí n lè máa túmọ̀ rẹ̀ sí èdè Ìṣà tí à ń sọ ní Bantè. Mo mú lẹ́tà náà tóbi. Wọ́n tún bèèrè bóyá kí manẹ́tì máa gbọ̀n lọ́wọ́ ẹni bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Bí ó ṣe gbọ̀n lọ́wọ́ mi báyìí, mo jù ú sílẹ̀. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín títí tó fi di ìbàdí mú.

"Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, Maître," ló wí. Olùkọ́ ni ìtumọ̀ rẹ̀, bí gbogbo Bantè ṣe ń pè mí nìyẹn, tirẹ̀ nìkan ni ẹ̀fẹ̀ máa ń wà nínú rẹ̀. "Ó dà bí òròmọdìyẹ."

Mo pa gbígbọ̀n náà.

Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni ó mú mi. Wọ́n ní kí a yan bí eré náà yóò ṣe le tó, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta síbẹ̀: "Histoire", "Normal", "Difficile". Mo túmọ̀ wọn fún un: ìtàn, déédéé, líle.

"Ìtàn," ni ó dáhùn kíá. "Ìtàn la fẹ́."

Ìwọ náà mọ iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun. "Histoire", orúkọ ẹ̀kọ́ tí mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ni mo fi ẹfun kọ sórí pátákó láràárọ̀, fún gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni, mo sì máa ń fàlà sí abẹ́ rẹ̀. Bí mo ṣe rí ọ̀rọ̀ náà, orúkọ àwọn ọba àti ọdún tí wọ́n jẹ ni mo rí. Mo rò pé bí a bá yan èyí, ẹ̀kọ́ ni wọn yóò máa kọ́ wa lójú ọ̀nà, pé ní gbogbo oríta wọn yóò dá wa dúró, wọn yóò bi wá ní ìbéèrè.

"Ìtàn yìí kì í ṣe ìtàn yẹn," ni mo wí, bí ẹni tó wà níwájú kíláàsì. "Ti ilé ẹ̀kọ́ ni."

"Ìtàn méjì ló wà?"

"Méjì ni."

Mo tẹ "Difficile", nítorí mo rò pé ẹni tó lọ sí yunifásítì kò gbọdọ̀ gba ibi tó rọrùn. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe.

Àwọn ọ̀sán yẹn dùn, n kò lè sọ pé wọn kò dùn. Lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, màá fa kọ́tìnnì kí oòrùn má baà bo ojú kọ̀ǹpútà, òun á mú àga rẹ̀ sún mọ́ tèmi. Màá máa ka ọ̀rọ̀, màá máa yí ohùn padà, ohùn arúgbó, ohùn ọmọdé. Bí ẹnìkan bá hùwà burúkú nínú rẹ̀, Máhì ni òun á fi bú u, ẹnu rẹ̀ á sì le ju ti ẹni tó ń ṣeré lọ. Ṣùgbọ́n a dé afárá kan. Afárá okùn ni, iná àtùpà wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àwọn olè sì dúró sí orí rẹ̀. A kò kọjá. Ìka mi ti le, wọn kò yára mọ́. Wọ́n á pa ọmọbìnrin náà, màá kígbe pé mo ti kú, a ó tún bẹ̀rẹ̀. Obìnrin aláṣọ tí ilé wa jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á na ọrùn lórí ọgbà.

"Maître, ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti kú lónìí?"

"Ẹ̀ẹ̀mẹjọ."

"Ẹ kú ìnira o! Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀la."

Kajú tán, a wà ní afárá. Òjò dé, wọ́n kọ ebè, iṣu hù, a ṣì wà ní afárá. Ìyàwó mi kò ráhùn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ó sọ pé, "Òkun yìí mà jìnnà o."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí a ṣe tún dé ibẹ̀, ó fi ọwọ́ kàn mí. "Wọ́n ti pa iná afárá?"

Mo wo ojú kọ̀ǹpútà. Gbogbo àtùpà náà ń jó ní ọ̀tún àti ní òsì, wọ́n pupa fòò. Mo gbé manẹ́tì sílẹ̀. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo pe ọmọ wa lórí fóònù, mo sì béèrè bí a ṣe lè fo afárá náà.

"Èwo lẹ yàn, Bàbá?" Mo sọ fún un. Ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin, tíṣà Histoire! Ẹ yan 'Histoire' kẹ̀. Fún ẹni tí kò wá jà ni. Ìtàn nìkan ló wá gbọ́." Ó wá fura pé n kò rẹ́rìn-ín. "Ṣé ojú Màmá ni?"

Mo wọlé, mo yí i padà. A kọjá afárá náà kí omi tí mo gbé kaná tó hó. Ìyàwó mi yíjú sí mi.

"Ìtàn méjì, Maître?"

Kò tún sọ ọ́ mọ́ láéláé.

Láti ọjọ́ náà, mo ń sáré. Mo mú ìmọ́lẹ̀ lọ sókè díẹ̀díẹ̀ títí kò fi ní ibi tí yóò lọ mọ́, tí ojú èmi fúnra mi fi ń ta mí. Mo mú lẹ́tà kúrò nísàlẹ̀ níbikíbi tí n kò bá nílò rẹ̀, kí nǹkan kan má baà bo àwòrán. Mo tún eré náà ṣe bí ènìyàn ṣe ń tún yàrá aláìsàn ṣe. Síbẹ̀, nígbà tí ọmọbìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ sínú iyanrìn, ọyẹ́ ti dé, ojú ìyàwó mi sì ti lọ tán. Ìmọ́lẹ̀ lásán ló kù tó ń rí. Mo sọ fún un pé a ti dé. Ó tẹ̀ síwájú lórí àga, ó wò, ó wò.

"Ó funfun," ni ó wí, bí ẹni tó fẹ́ tẹ́ mi lọ́rùn.

Nígbà náà ni mo rántí òròmọdìyẹ. Mo wá ibi tí mo ti pa gbígbọ̀n, mo tan án, mo sì fi manẹ́tì sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì. Bí ìgbì kọ̀ọ̀kan bá wá, yóò gbọ̀n rọra, yóò ga, yóò lọ sílẹ̀, yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ó pa ojú dé.

"Ẹ kọ ọ́ sí mi pé ó ń ké ramúramù," ló wí. "Kì í ké. Ó ń mí."

Ó lo ọdún méjì sí i lẹ́yìn ìyẹn, ó sì lọ. Nígbà tí ọmọ wa wá fún àdúrà ìrántí rẹ̀, ó tan kọ̀ǹpútà náà, ó fi ọwọ́ bo ojú. "Bàbá, ìmọ́lẹ̀ yìí á fọ́ yín lójú. Ṣé kí n dá gbogbo rẹ̀ padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀?" Mo ní kó má ṣe é.

Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀ pé ohun tó bá le ni ó níyì, ó sì ṣeé ṣe kí ó rí bẹ́ẹ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìyàwó mi kò bèèrè ohun tó níyì lọ́wọ́ mi. Ó bèèrè òkun, ojú rẹ̀ sì ń lọ, èmi ń kú lórí afárá nítorí ọ̀rọ̀ kan tí mo gbà pé mo mọ̀ ju òun lọ. Ní èdè wa, ọ̀kan ni ìtàn. Òun kò lọ sí ilé ìwé tí wọ́n ti ń pín in sí méjì.

Bí kajú bá ti ń rùn báyìí, màá fa kọ́tìnnì, màá mú ọmọbìnrin yẹn padà sí etí òkun, màá sì gbé manẹ́tì lé orí àga ọwọ́ òsì mi. Màá wá gbé ọwọ́ lé e. Ó ṣì ń mí.