Ìyá Tí Wọ́n Ń Wá Létí Odò Kurase

Nígbà tí Tokuji Minagawa jí, ìtànná sakúrà ti bọ́ sínú ife ọtí ìrẹsì rẹ̀, ibi tí ìyàwó rẹ̀ jókòó sí lórí tapólì tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ igi níbi ọdún òdòdó sì ti ṣófo.

"Ìyá Kanae dà?" ló bi Nukaga, aládùúgbò wọn tí ọtí ti sọ ojú rẹ̀ di pupa.

"Wọ́n ní àwọn ń lọ tọ̀. Bàbá Kanae, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre! Ẹ̀yin lẹ sùn tí ẹ ń hanrun bí alùpùpù. Àbí ẹ rò pé wọ́n ti rí ọkọ mìíràn ni?"

Ìyàwó Nukaga fi ẹsẹ̀ ta á. "Ẹnu yín ò tiẹ̀ ń sinmi!"

Tokuji kò rẹ́rìn-ín. Ó ti lé lọ́dún méjì tí Fusae ìyàwó rẹ̀ ti ń gbàgbé nǹkan. Orúkọ oṣù ló kọ́kọ́ sọnù, lẹ́yìn náà ọ̀nà ọjà, nígbà òtútù tó kọjá ó sì bi ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta láàárọ̀ ọjọ́ kan pé ìgbà wo ni ìyá òun máa dé, ìyá tó ti kú tipẹ́. Tokuji kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kanae ọmọ wọn gan-an tó wà ní Osaka, irọ́ ló ń pa fún un lórí fóònù. Ọkùnrin tó fi ogójì ọdún hun ẹní sílé onílé, tí ẹnikẹ́ni ò rí àléébù iṣẹ́ rẹ̀, báwo ló ṣe máa jẹ́ kí wọ́n rí àléébù ilé rẹ̀? Ikú yá ju ẹ̀sín, ohun tó gbà gbọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa pa irú òwe bẹ́ẹ̀, ikú tara rẹ̀ ni kó fi pa á, kì í ṣe ti ìyàwó rẹ̀.

Ó dìde láti wọ bàtà. Ibẹ̀ ló ti rí bàtà Fusae létí tapólì, níbi tí gbogbo wọn bọ́ bàtà sí. Fusae ti tò ó síra wọn dáadáa, ó sì ti kọjú rẹ̀ sí odò.

Ní ìlú yẹn, ẹni tó bá fẹ́ bọ́ sómi pa ara rẹ̀ ló máa ń to bàtà sétí omi. Kò sẹ́ni tí kò mọ ohun tó túmọ̀ sí, kò sì sẹ́ni tó ń fẹnu sọ ọ́. Tokuji mọ̀ pé gbogbo ẹni tó gbẹ̀kọ́ ló máa ń kọjú bàtà síta tó bá bọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kì í gbọ́ àlàyé.

Ó sáré lọ sílé ìtọ̀, ó ń pe orúkọ rẹ̀ títí àwọn obìnrin tó tò síbẹ̀ fi ń wò ó bákan. Fusae kò sí níbẹ̀. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ sétí odò. Yìnyín orí òkè ti yọ́, omi ti kún, ó ń sáré, ìtànná sì bo ojú rẹ̀ débi pé kò lè rí ohun tó wà nísàlẹ̀. Gbogbo ohun funfun tó bá yí pẹ́nrẹ́n nínú omi, ọwọ́ ènìyàn ló ń rí.

Nukaga, tó ti tẹ̀ lé e débẹ̀, ti dá ẹ̀rín dúró. Òun ló fà á lọ sábẹ́ àgọ́ àwọn alábòójútó ọdún náà, níbi tí ọmọbìnrin kan ti ń kọ nǹkan sílẹ̀.

"Ẹ jókòó, bàbá. Ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n?"

"Mẹ́tàléláàádọ́rin."

"Ṣé nǹkan ń ṣe wọ́n? Bóyá wọ́n máa ń gbàgbé ọ̀nà?"

"Rárá o. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá."

"Ó dáa, bàbá. Tí ara ẹni bá dá, a máa ń dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ká tó kéde. Wọ́n lè máa wo òdòdó káàkiri."

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Odò ò ní dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nukaga wà lẹ́yìn Tokuji, àwọn ará àdúgbò mìíràn náà wà nítòsí.

"Ọmọ mi, irọ́ ni mo pa," ló wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè ju bó ṣe fẹ́ lọ. "Ìyàwó mi ò mọ ọ̀nà ilé mọ́. Ó ti lé lọ́dún méjì. Kò wọ bàtà, omi sì wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wá a."

Nukaga ṣí fìlà.

Kò pẹ́ tí ẹ̀rọ gbohùngbohùn fi bẹ̀rẹ̀ sí í ké lórí òpó: "Ẹ jọ̀wọ́, a ń wá ìyá ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin kan tó máa ń gbàgbé nǹkan. Súwẹ́tà aláwọ̀ eérú ló wọ̀. Kò wọ bàtà." Wọn ò dárúkọ, wọn kì í dárúkọ níbẹ̀, kí ojú má bàa ti ẹbí. Orin dákẹ́ lábẹ́ àwọn igi. Gbogbo èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wo ẹsẹ̀ àwọn ìyá arúgbó. Àwọn panápaná méjì gbé ọ̀pá gígùn lọ sétí omi, nígbà tí Tokuji sì rí ọ̀pá yẹn, ó yíjú kúrò.

Fóònù Nukaga dún. Ìyàwó rẹ̀ ni, ó ń pariwo láti orí tapólì. "Bàtà mi ò sí níbí o! Mo fẹ́ dìde bá yín wá wọn ni mi ò rí i. Bàtà funfun mi ni wọ́n ṣì wọ̀ lọ!"

Ẹni tó wọ bàtà ni, tí gbogbo ìlú ń wá ẹni tí kò wọ̀ ọ́. Ó lè ti kọjá níwájú igba ènìyàn kí wọ́n má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Tokuji tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ó gba ọ̀nà etí odò lọ sísàlẹ̀.

Lẹ́bàá afárá kejì ló ti rí i. Fusae lóṣòó sétí omi gan-an, ó fi ọwọ́ kan di koríko mú, ó na ọrùn sórí omi. Tokuji kò jẹ́ pariwo, kó má bàa ta gìrì. Ó yọ́ rìn bí olè títí ó fi dé ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì di súwẹ́tà rẹ̀ mú gírígírí.

Fusae bojú wẹ̀yìn. Ó mọ̀ ọ́n. "Bàbá Kanae! Ó ṣe wá pẹ́ báyìí? Ẹ wá bá mi wò ó, ojú mi ò ríran dáadáa. Àbí ẹ ò gbọ́ ohun tí wọ́n kéde ni? Ìyá kan ti sọnù, kò rántí nǹkan mọ́, kò tiẹ̀ wọ bàtà, nínú òtútù yìí! Mo ti wo abẹ́ afárá, mi ò rí i."

Tokuji fà á kúrò létí omi.

"Wọ́n ti rí i."

"Láàyè?"

"Láàyè."

Fusae mí kanlẹ̀. "Ó mà ṣeun o. Ọkọ rẹ̀ wá ńkọ́? Ẹ̀rù á ti fẹ́ẹ̀ pa á."

"Ẹ̀rù ṣì ń bà á," ni Tokuji wí, kò sì lè tú ọwọ́ rẹ̀ kúrò lára súwẹ́tà náà.